Òfo Ni Wọ́n Kọ Síwájú Abúlé Wa

Ìwé ìjọba kan wà tí ó sọ pé ní abúlé wa, nígbà ìbò àpapọ̀ tí a dì ní ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó dìbò fún ọmọ wa, ọmọ agbègbè wa tí ó ń du ipò aṣòfin. Òfo ni wọ́n kọ. Mo fi ojú ara mi rí i lára pátákó kánsù ní Okitipupa. Èmi tí mò ń kọ èyí dìbò fún un, ìyá mi dìbò fún un, àwọn tó tò síwájú wa àti àwọn tó tò sẹ́yìn wa dìbò fún un. Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí n gbàgbé, kó kọ́kọ́ wá yọ àtàǹpàkò mi kúrò lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ṣì wà, àwọn ọmọ wọn sì ń kí mi lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n pé mi ò dárúkọ kò ní kí n má sọ ọ́ bó ṣe rí.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìjù-Odò. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni iṣẹ́ wa. Àwọn ọkùnrin ń gun ọ̀pẹ, àwọn obìnrin ń ṣe púpurú: a ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n roboto, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, ti Aládùúrà. A kì í wọ bàtà wọ ọgbà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìwàásù, a ní àsìkò ẹ̀rí. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe ohun kan fún yóò dìde, yóò sọ ọ́, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ, ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ènìyàn lè parọ́ lọ́jà, ó lè parọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í parọ́ níbi ẹ̀rí. Ẹni tó bá dán an wò mọ̀ pé orí ara òun lòun ń fi ṣeré.

Èmi ni akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé kánsù, ìwé tí mo bá kọ sì máa ń ṣeé kà. Bí wọ́n bá fi èdè Ìkálẹ̀ tiwa jẹ́rìí, èmi a fi Yorùbá inú Bíbélì kọ ọ́. Ìyá mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú ìwé mi gbogbo ará abúlé ń sọ̀rọ̀ bí àlùfáà.

Bàbá mi ló máa ń sọ ìtàn agbègbè ìdìbò wa fún wa. Ó ní nígbà kan, ẹni tó ń san owó orí ni wọ́n ń jẹ́ kó dìbò, àwọn obìnrin a jókòó sílé. Ó ní lẹ́yìn náà ni àwọn kan tí a kò rí jókòó síbì kan tí a kò mọ̀, wọ́n fa ìlà sórí ìwé, wọ́n kó wa pọ̀ mọ́ àwọn tí a kì í bá pàdé àfi lọ́jà Ìlútítun, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa ṣojú gbogbo wa l'Ékòó. Kò sí ẹni tó fi ibi tí ìlà náà gbà hàn wá. Bàbá mi a máa rẹ́rìn-ín pé bóyá àárín oko ẹ̀gẹ́ òun ló gbà, kí òun má lọ ṣèèṣì fi àdá ge é.

Ìbò tí a dì nígbà tí òyìnbó ń palẹ̀mọ́ ni àkọ́kọ́ tí ìyá mi dì láyé rẹ̀. Aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ lọ. Wọ́n ka ìbò yẹn, wọ́n kéde rẹ̀, ẹni tó wọlé wọlé, ẹni tó fìdí rẹmi fìdí rẹmi, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wọlé wá dúpẹ́. Ó jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja títí ó fi làágùn, ó ṣèlérí títì, ó ṣèlérí omi ẹ̀rọ, ó wọ mọ́tò. A kò tún rí eruku mọ́tò rẹ̀ títí ìbò mìíràn fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi kò tìtorí ìyẹn bínú sí ìbò. Ó ní ẹni náà ni kò dára, ìbò dára.

Nígbà tí ìbò kejì dé, mo ti lé ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, orúkọ mi sì wà nínú ìwé àwọn olùdìbò. Ìjì ti ká òrùlé ilé ìwé lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìbò wá ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn yóò lò. Wòlíì wa gbà, ṣùgbọ́n ó ní kò sí bàtà. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìbò tó wá láti ìgboro bọ́ bàtà aláwọ̀ rẹ̀ tó ń dán, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbóná fún. Àwọn ọlọ́pàá méjì so okùn bàtà wọn pọ̀, wọ́n fi kọ́ èjìká. Bí ìjọba ṣe wọ abúlé wa lọ́jọ́ náà nìyẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Ọyẹ́ díẹ̀ wà lójú ọ̀run. A tò. Láyé ìgbà yẹn, olúkúlùkù ẹni tó ń du ipò ló ní àpótí tirẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára àpótí náà. Wọ́n á fún ọ ní ìwé ìbò kan, wọ́n á fi tàdáwà kan àtàǹpàkò rẹ, ìwọ nìkan á wá wọlé lọ jù ú sínú èyí tó bá wù ọ́. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀, ti ọmọ wa àti ti ẹni tí ìjọba ń tì lẹ́yìn. Mo ju tèmi sínú àpótí ọmọ wa, mo sì gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó balẹ̀.

Bàbá mi wọlé lẹ́yìn mi. Ó pẹ́ níbẹ̀ títí àwọn kan fi ń bi ara wọn bóyá àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó jáde, ìyá mi bi í pé, "Tiwa ni?"

Ó ní, "Tiwa ni." Ó fi ọwọ́ nujú, ó sì gba ọ̀nà oko lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ gba ṣọ́ọ̀kì fún ilé ìwé wa ní kánsù. Ìwé èsì ìbò wà lára pátákó, wọ́n to ibi ìdìbò kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ ara wọn. Mo wá abúlé wa kàn. Iye orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn olùdìbò wa pátá ni wọ́n kọ fún ẹni tí ìjọba ń tì lẹ́yìn, kò ku ẹnì kan, títí kan àwọn tí a ti sin kí ọjọ́ ìbò tó pé. Síwájú ọmọ wa, òfo. Wọ́n tilẹ̀ fara balẹ̀ kọ ọ́, ó rí roboto. Mo kà á, mo tún un kà. Akọ̀wé kan tó ń kọjá ní, "Tíṣà, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Mo gbé páálí ṣọ́ọ̀kì mi lé orí, mo sì fẹsẹ̀ rìn délé, nítorí mi ò fẹ́ jókòó ti ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò.

Ìdí iná púpurú ni mo ti bá ìyá mi. Mo sọ ọ́ fún un. Ó yí púpurú kan padà, ó yí òmíràn padà.

Ó ní, "Ọma mi, ṣé wọ́n ń sọ pé mi ò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Ọma ni a ń pe ọmọ lọ́dọ̀ wa.

Mo ní ohun tí wọ́n kọ nìyẹn.

"Ta ló wá wọ aṣọ funfun mi lọ?"

Mo gbé páálí ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀, mo sì bá a yí púpurú tó kù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí Wòlíì ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí dìde, ìyá mi ló kọ́kọ́ dìde. Ó dá orin kúkúrú kan gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe, a gbè é. Ó wá ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá sínú ọgbà yìí lọ́jọ́ ìbò. Ọmọ wa ni mo dìbò fún. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò sí láyé lọ́jọ́ náà." Ó jókòó.

Mo gbé báírò dání, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rí nìyẹn tàbí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Mo wo Wòlíì. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Kí n tó kọ ọ́ tán, opó kan ti dìde lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ọkọ àti ìyàwó kan, lẹ́yìn náà bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, tó ní òun bi òṣìṣẹ́ ìbò léèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí òun tó fi ọwọ́ wá àpótí ọmọ wa kàn. Nígbà tó yá, wọn kò dìde dúró níbi ìjókòó wọn mọ́. Wọ́n tò wá síwájú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò lọ́jọ́ ìbò. Báírò mi gbẹ, wọ́n fún mi ní pẹ́ńsùlù. Ọwọ́ ń ro mí, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń bọ́ lójú mi sórí ìwé. Ìwé tí wọ́n kọ ní kánsù, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́. Èyí, gbogbo abúlé ló ń pè é sí mi létí.

Oníṣòwò epo pupa kan dìde láàárín wọn. Ó ní, "Ẹni tí ìjọba gbé kalẹ̀ ni èmi dìbò fún. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń rí jẹ. Mi ò lè parọ́ níbí." Àwọn kan kùn. Wòlíì ní kí a ṣe halelúyà fún òun náà, a ṣe é, mo sì kọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ti àwọn yòókù.

Bàbá mi kò dìde. Ó ṣí Bíbélì lé orókún, kò kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbójú sókè wò ó. Nígbà tí Wòlíì bèèrè bóyá ó ku ẹnì kan, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Ìyá mi kò yíjú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ojú tì mí láàárín èèyàn. Mo rò pé ẹ̀rù kánsù ló ń bà á, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ojo ni bàbá mi. Ojú yẹn ni mo fi ń wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó dé etí kánsù. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé ìwé ránṣẹ́ pè mí. Ó fi ìjókòó lọ̀ mí, ó fohùn jẹ́jẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé a ti ń ka ìbò nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ní, "A ò ka ìbò, sà. Wọ́n jẹ́rìí, mo kọ ọ́."

Ó ní kí n lọ mú ìwé náà wá. Mo ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ni.

"Tíṣà, ta ló gbà yín síṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àbí kánsù?"

"Kánsù ni, sà."

"Ẹ lọ rò ó wò."

Mo ní mo ti rò ó wò kí n tó wá. Ìgbà náà ló bínú. Ó ní, "Àwọn kan wà nínú ilé yín tó gbọ́n jù yín lọ." Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn, mi ò sì bèèrè.

Kí oṣù tó parí, lẹ́tà dé pé wọn kò nílò mi mọ́. Mo kà á sókè nílé nígbà tí a ń jẹun. Bàbá mi fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde, kò sì wọlé títí a fi palẹ̀ mọ́. Mo rò pé èmi ló ń bínú sí. Mo fi ìyẹn náà kún ohun tí mo ní nínú sí i. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti jókòó ti ìyá mi nídìí ẹ̀gẹ́, tí mò ń bó o, tí mò ń rẹ ẹ́, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá tí wọ́n ṣì ń pè mí ní tíṣà.

Ọlọ́pàá wá wá ìwé náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Wòlíì ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n tú àpótí, wọ́n gbọn aṣọ pẹpẹ, wọn kò rí nǹkan kan. Ìyá mi ti gbé e sórí àjà púpurú láti ọjọ́ tí kánsù ti ránṣẹ́, ó fi ẹní wé e. Èéfín ń rọ́ lù ú lójoojúmọ́. Etí rẹ̀ pọ́n, ó ń rùn bí oúnjẹ, ikán kò sì fẹnu kàn án.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún dìbò, èyí tí ó jẹ́ ti apá Ìwọ̀-Oòrùn nìkan, ọ̀rọ̀ sì di iná káàkiri. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn sójà gba ìjọba, tí wọ́n ní gbogbo ilé ìgbìmọ̀ ti túká. Ìlà tí bàbá mi ń bẹ̀rù láti fi àdá ge, àwọn sójà ge é. Àwọn èèyàn wá ń sọ fún mi pé kí n lọ fi ìwé yẹn dáná, pé ẹni tó wọlé àti ẹni tí kò wọlé ti di ọ̀kan náà báyìí. Mo ní n kò ní fi dáná. Sójà lè ní kò sí aṣòfin mọ́. Wọn kò lè ní ìyá mi kò tò lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ilé ìwé ìjọ kan ní Òde-Ìrèlè gbà mí síṣẹ́, mo sì padà sídìí ṣọ́ọ̀kì.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà tí ara bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìdá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo wá kí i, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, ìyá mi ń ha èéfín kúrò lára púpurú nítòsí. Ó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí kò ti sí ẹni tó dárúkọ ìwé náà nínú ilé wa. Mo gbé e wá, mo ṣí i. Ó ní, "Àyè ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní àyè wà.

"Kọ ọ́. Mo dìbò fún tiwọn."

Ó ní kí ìbò yẹn tó dé, ọ̀gá kánsù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé ìwé ti wá bá òun lóko. Ó ní orúkọ mi wà lára àwọn tíṣà tí wọ́n fẹ́ lé, pé àfi bí òun bá dìbò fún ẹni tí ìjọba fẹ́. Bàbá mi gbà. Ọ̀gá náà ní kó fi Bíbélì búra, ó sì búra.

Mo ní, "Bàbá, aṣọ ìkélé wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ̀."

"Mo mọ̀ pé kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti búra. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo àpótí méjèèjì. Mo rò ó pé ọma mi ni. Mo jù ú sí tiwọn."

Iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ dìbò náà, èmi ni mo tìtorí ìwé yìí sọ ọ́ nù. Inú bí mi, ojú tì mí, mi ò mọ èwo ló ṣáájú. Mo rántí oúnjẹ tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ lẹ́tà, mo rántí gbogbo ọdún tí mo fi pè é ní ojo nínú ọkàn mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìbò yẹn ti pa rẹ́.

Ó gbé orí sókè. Láti ìgbà tó ti ń ṣàárẹ̀, mi ò gbọ́ kó fohùn líle bẹ́ẹ̀. "Éè pa rẹ́, kò pa rẹ́ rárá. Wọ́n kọ gbogbo abúlé fún ara wọn, wọ́n fi irọ́ bo tèmi mọ́lẹ̀. Ẹyọ kan tí mo dì fún wọn ní tòótọ́, n kò rí i nínú ìwé tiwọn, n kò rí i nínú ìwé tiyín. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n mo tò, mo wọlé, mo dìbò. Kọ ọ́."

Ìyá mi kò dá ọwọ́ púpurú dúró. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ nujú ni mo ti mọ̀."

Mo kọ ọ́: orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n kà á sóun létí, mo kà á. Ó ṣe halelúyà jẹ́jẹ́, ìyá mi sì gbè é.

Bàbá mi kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní, ó ṣì ń rùn bí púpurú. Ìjọba tó bá fẹ́ mọ bí abúlé wa ṣe dìbò lọ́jọ́ náà, kó wá, kó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, n ó kà á fún un láti orúkọ ìyá mi dé ìparí. Ti ọmọ wa kún ojú ewé lé ojú ewé. Tiwọn kì í ṣe gbogbo abúlé, kì í sì í ṣe òfo. Méjì ni, ti oníṣòwò epo àti ti bàbá mi.